Ìbọn Bàbá Mi Tí Wọ́n Gé Nítorí Àpótí

Wọ́n fi ayùn gé ìbọn tí mo ṣe fún bàbá mi, nítorí pé kò wọ inú àpótí gíláàsì wọn.

Mo la ọ̀rọ̀ náà mọ́lẹ̀ báyìí kí ẹnikẹ́ni má baà pè é ní àṣìṣe. Ìbọn náà kò jábọ́, kò dógùn-ún. Èèyàn olójú méjì ló di ayùn irin mú, tó sì ń fà á títí irin fi já.

Mo rántí ìgbà tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ dé Barking ní ìlú òyìnbó níbí, tí ẹnu mi ṣì ń yá. Ọmọ alágbẹ̀dẹ ni mí, láti ìlú kan ní Èkìtì, ní ìdílé tó ń rọ ṣakabùlà, ìbọn gígùn tí àwọn ọdẹ ń gbé kọ́ èjìká. Ìmọ̀ ìtàn ni mo kà ní yunifásítì, mo sì rò pé gbogbo ayé ló ń dúró láti gbọ́ ìtàn ilé wa. Ní ìjọ Aládùúrà tí mo kọ́kọ́ lọ, wọ́n ní kí àlejò dìde kó sọ ibi tó ti wá. Mo dìde nínú sùtánà tí mo yá, mo gbé àyà sókè, mo ní, "Ìbọn ni ilé wa ń ṣe." Màmá tó jókòó tì mí rọra gbé báàgì rẹ̀ lọ sí apá kejì.

Ní ilé wa, a kì í fi téèpù wọn ìbọn. Ẹni tó ni ín ni yóò dúró lórí ilẹ̀ láìwọ bàtà, a ó na okùn láti àtẹ́lẹsẹ̀ rẹ̀ dé iwájú orí, a ó sì ta á ní kókó níbẹ̀. Ibi tí kókó bá mọ ni ẹnu ìbọn máa mọ. Nígbà tí baba kan bá darúgbó, a ó gbé ìbọn rẹ̀ dúró ti ògiri ọ̀dẹ̀dẹ̀, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ti àwọn tó ṣáájú rẹ̀, kí ọmọ tó bá wọlé lè rí bí àwọn baba rẹ̀ ṣe ga tó. Bàbá mi rọ ìbọn fún ọdẹ gbogbo agbègbè, kò rọ ti ara rẹ̀. Ọ̀la ni, ọ̀la ni, títí ọwọ́ rẹ̀ fi bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n. Nínú gbogbo wa, èmi nìkan ni mo kọ́ iṣẹ́ náà yanjú, èmi náà ni mo sì wà ní Dagenham, tí mò ń to páálí ní ilé ìkẹ́rùsí.

Bàbá mi fi okùn tí wọ́n fi wọn ìdúró rẹ̀ ránṣẹ́ sí mi nínú àpò gààrí, kí n bá a rọ tirẹ̀. Òrùka idẹ mẹ́ta wà pẹ̀lú rẹ̀, èyí tó fi ọwọ́ gbígbọ̀n yẹn rọ. Ẹnu ìbọn ni wọ́n ń wà. Ọdẹ tó bá rí mẹ́tẹ̀ẹ̀ta kò ní béèrè ilé tí ìbọn náà ti jáde.

Mo ṣe ìbọn náà ní ahéré onípákó tó wà lẹ́yìn ilé wa ní Upney. Tábìlì àtijọ́ tí ẹnìkan gbé síta ní Longbridge ni mo gbẹ́ ṣe ìdí rẹ̀, mo sì fi osùn pa á. Ìyàwó mi á yọjú, á ní, "Dádì, ẹ bá mi sọ fún àwọn ará ilé kejì pé kì í ṣe ogun lẹ ń múra fún o." Mo jó irin dí inú ọ̀pá rẹ̀, n kò sì lu ihò iná sí i, kí n má baà rú òfin. Ọlọ́pàá tó wá wò ó ní ìgbálẹ̀ ilé òun léwu jù ú lọ.

Ó ku kí n gbé e sínú ọkọ̀ òkun nígbà tí alága ẹgbẹ́ ọmọ ìlú wa dé. Wọ́n fẹ́ pàtẹ àwọn nǹkan ìṣẹ̀ǹbáyé ilé ní gbọ̀ngàn kan ní Becontree Heath.

"Àbúrò, yá wa ní ìbọn yìí fún ọ̀sẹ̀ méjì péré. Àwọn ọmọ wa ò mọ nǹkan kan mọ́ àfi fóònù."

Mo ní kí wọ́n gbé e kọ́ ògiri, ìṣó méjì ti tó. Ó ní, "Kò sí ìṣòro."

Lọ́jọ́ ìṣíde, mo pe bàbá mi lórí fídíò kó lè rí ara rẹ̀ nínú irin. Mo gbé fóònù súnmọ́ gíláàsì. Ìbọn náà sùn síbẹ̀ bí ẹja tí wọ́n ti gé orí rẹ̀ sọbẹ̀. Wọ́n lẹ ìwé mọ́ ọn pé: "Ìbọn ọdẹ Yorùbá. A kò mọ ẹni tó ṣe é." Èmi tí wọn kò mọ̀ yìí, akọ̀wé wọn ṣẹ̀ṣẹ̀ fún mi ní mítípáì ni.

Bàbá mi wò ó títí. Ó ní, "Ẹnu rẹ̀ dà?"

Mo yí fóònù kúrò lára gíláàsì.

Ó tún ní, "Àbí èmi ni mo ti kúrú?"

Mo lọ bá alága. Ó fà mí sẹ́yìn aṣọ fèrèsé, ó rẹ ohùn sílẹ̀. "Àbúrò, díẹ̀ ló fi gùn ju àpótí lọ. Ọ̀gá tó ra àpótí fún wa wà níjòókòó. Ṣé ká wá sọ lójú èèyàn pé ẹ̀bùn rẹ̀ kéré?"

Akọ̀wé dá sí i. "Health and safety náà ni, sà. Ẹnu ìbọn ló ń pààyàn."

"Ẹnu tí mo ti jó irin dí?"

"Ẹ ṣáà mọ̀ pé ìbọn ni, sà."

Àwọn àgbà ní orí bíbẹ́ kọ́ ni oògùn orí fífọ́. Ó dà bíi pé àwọn tiwa gbàgbé òwe yẹn sí pápákọ̀ òfuurufú. Nígbà tí mo béèrè lọ́wọ́ ọ̀gá tó ra àpótí, ẹnu yà á. Ó ní ká ní wọ́n sọ fún òun ni, òun ì bá pààrọ̀ rẹ̀ lọ́jọ́ kejì. Wọ́n gé baba oníbọn kúrú kí ojú má baà ti ọlọ́lá, bẹ́ẹ̀ ọlọ́lá ò tilẹ̀ bínú.

Ìyókù ìbọn náà wà ní ahéré mi báyìí. Tí mo bá gbé e dúró, kò ju àyà mi lọ. Tí mo bá gbé e lọ sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ yẹn, ọmọdé ni yóò jọ láàárín àwọn baba. Àyè bàbá mi ṣì ṣófo lára ògiri. Mo lè wá irin mìíràn, mo lè tún gbogbo rẹ̀ ṣe láti ìbẹ̀rẹ̀. Òrùka mẹ́ta yẹn ni n kò lè rọ, ọwọ́ tó rọ wọ́n kò sì lè gbé òòlù mọ́.

Nítorí náà, alága, akọ̀wé, mo ti bi yín lójúkojú, ẹ ní ẹ̀yin kọ́. Mo tún ń bi yín lójú gbogbo èèyàn. Ta ló pàṣẹ pé kí wọ́n gé e? Níbo ni ẹ sọ orí rẹ̀ sí, tòun ti òrùka? Ẹ tètè fọhùn, nítorí bàbá mi ṣì wà láàyè, òun ló ń béèrè.