Mílíìkì Tí Ọkọ Mi Ń Rà

Wolé-wolé ni ọkọ mi nígbà tí ó fẹ́ mi. Kẹ̀kẹ́ ni ó máa ń gùn láti Ọ̀wọ̀ lọ sí àwọn ìlú tó yí i ká, nínú kakí tí a lọ̀ dáadáa, tí á máa yọjú wo ìkòkò omi àwọn ènìyàn bóyá tanwíjí wà níbẹ̀. Nílé bàbá mi ní Ipele ni ó ti rí mi. Tanwíjí wà nínú ìkòkò wa lọ́jọ́ náà, kò sì mú wa lọ sí kóòtù. Àwọn ènìyàn mi ní ọmọlúàbí ni. Èmi náà gbà bẹ́ẹ̀.

Nígbà tí mo bí àkọ́bí mi, ọkùnrin, inú rẹ̀ dùn débi pé ó ra mílíìkì alágolo jọ sí pálọ̀, níbi tí àlejò yóò ti kọ́kọ́ rí i. Ó ní ìyàwó àgbẹ̀ ni ń mu ògì lásán, ìyàwó òṣìṣẹ́ ìjọba kò gbọdọ̀ ṣe bẹ́ẹ̀. Láàárọ̀, tíì àti mílíìkì. Lálẹ́, ògì àti mílíìkì. Ó ní ìyẹn ni yóò jẹ́ kí ọmú mi kún. Ọmú mi kún lóòótọ́.

Ọmọ náà kò tíì pẹ́ láyé nígbà tí ó bẹ̀rẹ̀ sí í ké. Kì í ṣe igbe ebi. Bí ó bá mu ọmú tán, á ká ẹsẹ̀ sí ikùn, ojú á pọ́n, á ké títí ohùn á fi há. Ara rẹ̀ sú, ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ ń ṣomi. Lẹ́yìn náà ni mo rí ẹ̀jẹ̀ nínú ìgbẹ́ rẹ̀, tín-ín-rín bí òwú pupa.

Ìyá ọkọ mi ti wá láti Emure-Ile láti máa bá mi wẹ ọmọ. Ó wo ìgbẹ́ náà, ó ní jẹ̀díjẹ̀dí ni, pé ohun dídùn tí mo ń jẹ ni ó ń bá ọmọ nínú ọmú. Wọ́n gba ṣúgà lọ́wọ́ mi. Ẹnikẹ́ni kò fọwọ́ kan mílíìkì. Mo ń mu tíì kíkorò tí mílíìkì wà nínú rẹ̀, ẹ̀jẹ̀ sì ń pọ̀ sí i.

Ni ìyá bá ní ọmú mi gan-an ni kò dára. Ó ní kí n fún díẹ̀ sínú àwo, ó mú èèrà kan, ó jù ú sí i. Èèrà náà ta ẹsẹ̀ títí ó fi kú. Èèrà wo ni a ó jù sínú omi tí kò ní kú? Ṣùgbọ́n ọmọdé ni mí, ilé ọkọ ni mo wà. Wọ́n já ọmọ gbà lẹ́nu ọmú. Wọ́n ń po mílíìkì inú agolo pọ̀ mọ́ omi gbígbóná, wọ́n ń fi ìgò fún un mu. Ọmú mi wú, ó le bí òkúta. Èmi wà ní yàrá, igbe ọmọ mi wà ní pálọ̀. Ó rù, ó gbẹ. Kò tíì mọ ìjókòó nígbà tí ó kú.

Onígbàgbọ́ ni ìdílé ọkọ mi. Ọjọ́ Ìsinmi kì í kọjá kí wọ́n má lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì. Síbẹ̀, kí wọ́n tó sin ọmọ mi, wọ́n fi abẹ là á létí. Wọ́n ní àbíkú ni, kí wọ́n lè dá a mọ̀ bí ó bá tún padà wá. Nígbà tí mo bí èkejì, obìnrin, etí rẹ̀ ni ìyá ọkọ mi kọ́kọ́ wò kí ó tó wo ojú rẹ̀.

Bí ti àkọ́kọ́ ṣe bẹ̀rẹ̀ náà ni tirẹ̀ ṣe bẹ̀rẹ̀: igbe, ara sísú, ẹ̀jẹ̀. Ìyá ọkọ mi kò tilẹ̀ dààmú mọ́. Ó sọ ọ́ lójú mi pé, "Bí ó bá ń lọ, kí ó máa lọ. Ìwọ á tún bí òmíràn."

Àárín ìyẹn ni ìyá mi ṣubú lóko, tí itan rẹ̀ ṣẹ́. Mo gbé ọmọ pọ̀n, mo lọ tọ́jú rẹ̀ ní Ipele. Iyán, iṣu sísun àti ọbẹ̀ ata ni a ń jẹ níbẹ̀. Ta ni ń mu tíì nílé àgbẹ̀? Nígbà tó yá, igbe ọmọ dínkù. Awọ ara rẹ̀ ń jọ̀lọ̀. Ìgbẹ́ rẹ̀ mọ́. Mo rò pé afẹ́fẹ́ ilé wa ni.

Mo gbé ọmọ tó ń rẹ́rìn-ín padà sí Ọ̀wọ̀. Ọkọ mi fi ọwọ́ ara rẹ̀ po tíì fún mi, ó da mílíìkì sí i títí ó fi funfun. Kò pẹ́, ẹ̀jẹ̀ dé. Mo jókòó ti ìtẹ́dìí ọmọ tí ẹ̀jẹ̀ wà lára rẹ̀, mo ń ro ohun tí mo ń jẹ níbí tí n kò jẹ ní Ipele. Nǹkan kan ṣoṣo ni.

Mo sọ fún ọkọ mi pé, "Mílíìkì ni kò bá ọmọ yìí lára mu. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kí n fi í sílẹ̀."

Ó rẹ́rìn-ín. "Mílíìkì tí òyìnbó fi ń tọ́ ọmọ? Nọ́ọ̀sì tó gbẹ̀bí rẹ fúnra rẹ̀ ni ó ní kí o máa mu ún."

"Ara ọmọ yìí kọ̀ ọ́."

"Kí wọ́n lè máa sọ pé n kò lè bọ́ ìyàwó mi, àbí?"

N kò bá a jiyàn mọ́, ṣùgbọ́n n kò mu ún mọ́. Ara ọmọ tún bẹ̀rẹ̀ sí í yá. Lójijì, ẹ̀jẹ̀ tún dé, bẹ́ẹ̀ n kò fọwọ́ kan agolo. Mo rò pé orí mi ti dàrú. Ògì mi dùn ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, ìyá ọkọ mi sì ti sọ pé àgbàdo tuntun ni. Ní àárọ̀ ọjọ́ kan, mo wọ ilé ìdáná, mo bá a níbi tí ó ti ń da mílíìkì sínú ògì mi.

"Ìyá, kí lẹ ń ṣe yìí?"

Ojú kò tì í. "Ọkọ rẹ ló ní kí n máa ṣe é. Ó ní olórí kunkun ni ọ́."

Ọkọ mi kò tíì fi kẹ̀kẹ́ ti ògiri tán lọ́jọ́ náà tí mo fi bọ́ síwájú rẹ̀. "Mílíìkì yìí ni ó pa àkọ́bí mi. Ẹ̀yin rà á, ìyá yín fi ìgò fún un mu. Àbíkú kọ́ ni ọmọ mi."

"Èmi ni mo pa ọmọ mi?"

"Ẹ kò mọ̀. Èmi náà kò mọ̀. Ṣùgbọ́n mo ti sọ ọ́ fún yín báyìí."

Mo dúró. Ohun tí mo ń retí ni pé kí ó jókòó, kí a jọ sunkún ọmọ náà, nítorí a kò sunkún rẹ̀ rí. Wọ́n ní a kì í sunkún àbíkú. Ó wọlé, ó kó àwọn agolo náà, ó ń jù wọ́n sí àgbàlá lọ́kọ̀ọ̀kan. Ìyá rẹ̀ padà sí Emure-Ile. Mílíìkì kò wọ ilé wa mọ́, ọmọ mi sì yè.

Ṣùgbọ́n ọkọ mi kò dárí ọ̀rọ̀ náà jì mí. Nígbà tí ìjọba gbé iṣẹ́ rẹ̀ lọ sí Àkókó, kò mú wa dání. Ó fẹ́ ìyàwó mìíràn níbẹ̀. Ìyẹn ń mu mílíìkì, àwọn ọmọ rẹ̀ ń sanra. Àwọn ènìyàn ọkọ mi ní, "Ẹ ò rí i? Ọmú obìnrin yẹn ni kò dára." Mo kó ẹrù mi padà sí Ipele.

Ọmọ mi dàgbà, ara rẹ̀ gba ohun tó kọ̀ ní kékeré, ó ń mu mílíìkì bí omi, kò sì ṣe é ní nǹkan kan. Nígbà tí mo sọ ìtàn yìí fún un, ó wò mí bí ẹni tí ń wo arúgbó. Lọ́jọ́ ìgbéyàwó rẹ̀, bàbá rẹ̀ wá láti Àkókó, wọ́n ní kí ó sọ̀rọ̀. Ó ní òun kò fi ohunkóhun du ọmọ yìí, pé mílíìkì gidi ni òun fi tọ́ ọ, nígbà tí àwọn ẹlòmíràn ń fún ọmọ wọn ní omi ògì. Àwọn ènìyàn pàtẹ́wọ́. Ọmọ mi náà pàtẹ́wọ́.

N kò fẹ́ ba ọjọ́ rẹ̀ jẹ́. Mo jókòó síbi tí wọ́n fi mí sí, mo ká ọwọ́ mi méjèèjì lé itan.