Ìkúnlẹ̀ Ẹ̀ẹ̀mejì ní Ripple Road

Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ Ẹni tó gbé wa gba ojú òfuurufú kọjá láìfarapa, tó sì tẹ́ ibùsùn fún wa ní ilẹ̀ tí a kò ti ní ìbátan. Ọpẹ́ ni mo fẹ́ kọ́kọ́ gbé kalẹ̀ kí n tó sọ ohunkóhun, nítorí ohun tí mo fẹ́ sọ yìí, bí kì í bá ṣe àánú, ìtìjú ni ì bá jẹ́ fún mi títí dòní.

Ìgbà tí ewé igi ń pọ́n, tó ń já bọ́, ni èmi àti ọkọ mi dé Barking, ní Lọ́ńdọ̀nù. Oṣù mẹ́jọ péré ni a ti ṣe ìgbéyàwó. Olùkọ́ ni àwa méjèèjì. Ilé-ìwé ìjọ ni a lọ, ilé-ìwé ìjọ náà la sì ti ń kọ́ ọmọ nílé. Ìyá kan nínú ìjọ wa, aláṣọ funfun bíi tiwa, ọmọ Ìjẹ̀bú tó ti pẹ́ níbẹ̀, ló fún wa ní yàrá kan nínú fúláàtì tiwọn ní Barking Riverside. Mọ́mì là ń pè wọ́n.

Odò Thames ni fèrèsé yàrá wa kọjú sí. Láàárọ̀, kùrukùru a máa bo odò náà débi pé a kì í rí omi rárá, títí iná ọkọ̀ ojú omi tó ń kó èrò lọ sáàárín ìlú á fi yọ bí ìràwọ̀ tó ṣìnà. Ní ọjọ́ mélòó kan àkọ́kọ́ yẹn, n kò lè fọwọ́ sọ̀yà pé mo jí tán. Bí mo bá na ọwọ́ láti fa aṣọ fèrèsé, á dà bíi pé ọwọ́ ẹlòmíràn ni. Ara mi ti dé Barking. Ẹ̀mí mi ṣì wà lójú ọ̀nà, ó ń fẹsẹ̀ rìn bọ̀.

Ìyá mi ti sùn nínú Olúwa ní oṣù mẹ́ta ṣáájú. Àwọn ló kọ́ mi ní ìwé kíkà, láti inú Bíbélì, kí n tó dé kíláàsì kankan. Lẹ́yìn ìsìnkú, mo fẹ́ padà sí ojú oórì wọn láti lọ dágbére kí a tó rìnrìn-àjò. Mo ń sọ pé lọ́la, lọ́la, títí ọ̀la fi di ọjọ́ tí a wọ ọkọ̀ òfuurufú.

Rippleside ni iṣẹ́ tó gbé wa wá wà. Àwọn ará Kòríà ló dá ilé-ìwé kékeré kan sílẹ̀ nínú gbọ̀ngàn kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ Ripple Road, fún àwọn ọmọ wọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé tí wọn kò tíì gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì. Wọ́n ti gba ọkọ mi fún ìṣirò. Ní tèmi, wọ́n ní kí n wá, kí ìyá àgbà wò mí fún ọ̀sẹ̀ kan. Ìyá àgbà yìí ni ìyá tó bí ọ̀gá ilé-ìwé, àwọn ló bẹ̀rẹ̀ ilé-ìwé náà, àwọn náà ló sì máa ń jókòó ti àwọn ọmọ kéékèèké. Bí wọ́n bá gbà mí, ó parí. Bí wọn kò bá gbà mí, ilé-ìwé kan ṣoṣo tó tún fẹ́ mi wà ní ìlú kan lókè lọ́hùn-ún, ìrìn wákàtí mẹ́rin nínú rélùwéè. Ọkọ á wà níhìn-ín, aya á wà lọ́hùn-ún. Ohun tí à ń gbààwẹ̀ sí nìyẹn.

Láàárọ̀ Ọjọ́ Ajé, a bá bàtà ní ìlà lẹ́nu ọ̀nà gbọ̀ngàn náà. Ọkọ mi fi ìgbọ̀nwọ́ gbún mi.

"Ìyàwó, ṣé o rí i? Ṣọ́ọ̀ṣì wa ni wọ́n gbé wá síbí."

"Ẹ kọ́kọ́ wo ìbọ̀sẹ̀ yín ná. Àtàǹpàkò yín ti yọjú."

"Jẹ́ kó yọjú. Òun náà fẹ́ rí ìlú òyìnbó."

Pákó kan wà lára ògiri tí wọ́n to sílípáàsì sí, olùkọ́ kọ̀ọ̀kan ní tirẹ̀. Ti ọkọ mi ti wà níbẹ̀. Irú èyí tí wọ́n ń fún àlejò ni wọ́n fún mi, fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ bíi bébà. Nínú lọ́hùn-ún, èdè Kòríà ni lára ògiri, òun ni lẹ́nu àwọn ọmọ, òun náà ni lára kọ́ọ̀pù omi. Ó ń ṣàn kọjá létí mi bí orin tí ènìyàn ń gbọ́ látinú oorun. Òórùn ẹ̀fọ́ kíkan wọn ń wá láti ilé ìdáná. Kò jọ irú, síbẹ̀ ìkòkò irú ìyá mi ni mo rántí.

Bẹ́ẹ̀ ni ìyá àgbà wọlé. Wọ́n kéré, wọ́n tẹ̀, irun wọn funfun bí aṣọ ìsìn wa. Mo kúnlẹ̀, mo tẹrí ba dé ilẹ̀. "Ẹ káàárọ̀, mà." Wọn kò dáhùn, wọ́n ń wá awò ojú wọn nínú àpò. Níbi tí wọ́n ti tọ́ mi, bí àgbà kò bá dáhùn, a jẹ́ pé ìkíni náà ni kò tó. Mo dìde, mo tún kúnlẹ̀, mo fi iwájú orí kan ilẹ̀ bí a ti ń ṣe níwájú pẹpẹ.

Gbogbo ojú yí sí mi. Àwọn ọmọ fi eré sílẹ̀. Ìyá àgbà wò mí títí, wọ́n sọ gbólóhùn kan, wọ́n jáde.

Ọ̀gá ilé-ìwé fà mí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. "Ẹ má bínú, ẹ kò mọ̀ ni. Lọ́dọ̀ tiwa, ẹ̀ẹ̀kan là ń wólẹ̀ fún ẹni tó wà láàyè. Ẹni tó ti kú là ń wólẹ̀ fún lẹ́ẹ̀mejì."

Mo bi í pé, "Kí ni màmá sọ?"

"Wọ́n ní, 'Mo ṣì wà níbí.'"

Nígbà tí a délé tí mo sọ ọ́, Mọ́mì fi ọmọ orógùn sílẹ̀, wọ́n di ìhà mú. "Jésù! O sin màmá onílé-ìwé lójú ara wọn! Ọmọ yìí, o ò tíì jókòó, o ti ṣe òkú!"

"Mọ́mì, ẹ jọ̀ọ́, kì í ṣe ọ̀rọ̀ ẹ̀rín."

"Ọ̀rọ̀ ẹ̀rín ni. Bí màmá yẹn ò bá wá lọ́la, ìgbà yẹn ni mi ò ní rẹ́rìn-ín mọ́."

Lọ́jọ́ kejì, màmá kò wá. Ọ̀gá ilé-ìwé ní òtútù ló mú wọn. Lọ́jọ́ kẹta, wọn kò wá. Mo ń kọ́ àwọn ọmọ ní orúkọ àwọ̀, ojú mi ń lọ sára àga màmá tó ṣófo, pẹ̀lú tìmùtìmù olódòdó tó wà lórí rẹ̀. Mo gba Ọlọ́run gbọ́. Mo mọ̀ pé ìkúnlẹ̀ kì í pa ènìyàn. Ṣùgbọ́n nínú bọ́ọ̀sì tó ń gbé wa padà, mo tòògbé, mo rí ìyá mi àti ìyá àgbà nínú ọkọ̀ ojú omi kan ṣoṣo, àwọn méjèèjì wọ funfun, wọ́n ń bá ara wọn sọ̀rọ̀ wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́, kùrukùru sì ń gbà wọ́n lọ. N kò mọ èdè tí wọ́n ń sọ. Ọkọ mi ló jí mi nígbà tí a dé.

Láàárọ̀ Ọjọ́bọ̀, kí a tó lọ síbi iṣẹ́, mo lọ sí èbúté. Mo bọ́ bàtà, mo kúnlẹ̀ lórí pákó tútù náà. N kò gbàdúrà iṣẹ́ mọ́. Mo ní, "Baba, jẹ́ kí wọ́n pẹ́ láyé, kódà bí wọ́n bá máa lé mi."

Ọkọ mi gbé bàtà mi dání lẹ́yìn mi. "Aya mi, dìde, wọ bàtà. Àwọn tó ń dúró de ọkọ̀ rò pé o fẹ́ bẹ́ sódò." Mo rẹ́rìn-ín, ìgbà àkọ́kọ́ láti ọjọ́ mẹ́ta.

Nígbà tí a dé gbọ̀ngàn, ìyá àgbà wà lórí àga wọn, ìborùn wà lọ́rùn wọn, wọ́n ń wúkọ́ díẹ̀díẹ̀. Mo kúnlẹ̀ lẹ́ẹ̀kan. N kò dìde, nítorí n kò fọkàn tán eékún mi mọ́, kó má lọ kan ilẹ̀ lẹ́ẹ̀kejì.

Wọ́n sọ̀rọ̀. Ọ̀gá ilé-ìwé túmọ̀ rẹ̀ fún mi: "Màmá ní ẹ wólẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì lọ́jọ́ yẹn. Ẹ̀ẹ̀kan jẹ́ tiwọn. Wọ́n ní, ta ló ni ìkejì?"

Mo ti múra ẹ̀bẹ̀ sílẹ̀, pé àṣìṣe ni, pé àṣà tiwa ni. Ṣùgbọ́n ohun tó jáde lẹ́nu mi ni, "Ìyá mi ni." N kò rò ó tẹ́lẹ̀. Bí mo ṣe sọ ọ́ tán ni mo mọ̀ pé òótọ́ ni. Mo ṣàlàyé pé wọ́n ti kú, pé n kò lọ dágbére lójú oórì, pé mo kàn ń sọ pé lọ́la. Omi ń bọ́ lójú mi sórí pákó ilẹ̀ náà. Ọ̀gá ilé-ìwé ń túmọ̀ rẹ̀ fún màmá.

Ìyá àgbà béèrè ibi tí a sin ìyá mi sí. Mo ní ẹ̀yìn ṣọ́ọ̀ṣì wa, nílé. Wọ́n ní ara òkè kan lọ́nà jíjìn ni oórì ìyá tiwọn wà, àwọn náà kò débẹ̀ mọ́. Lẹ́yìn náà wọ́n na ọwọ́ sí mi kí n dìde. Wọ́n fa sílípáàsì kan yọ nínú àpò wọn, onírun, aláwọ̀ aró. Wọ́n fi ọwọ́ méjèèjì gbé e fún mi. Mo fi ọwọ́ méjèèjì gbà á, bí ìyá mi ti kọ́ mi láti máa gba nǹkan lọ́wọ́ àgbà. Wọ́n nawọ́ sí pákó ara ògiri, sí ẹ̀gbẹ́ ti ọkọ mi. Wọ́n tún sọ nǹkan kan.

"Kí ni wọ́n wí?"

"Wọ́n ní kí ẹ yára, àwọn ọmọ ti ń da ilé rú."

Ìwọ tó ń ka ìwé yìí, ibi yòówù kí eékún rẹ ti kan ilẹ̀ àjèjì, kí Ọlọ́run jẹ́ kí wọ́n rí ohun tó wà lọ́kàn rẹ kí wọ́n tó rí àṣìṣe rẹ. Ẹni tí o kò ráyè dágbére fún, kí ìkíni rẹ bá a níbi tó wà. Ẹnu ọ̀nà tí o bá sì bọ́ bàtà sí, kí àyè wà níbẹ̀ fún tìrẹ àti ti olólùfẹ́ rẹ. Àmín.