Ẹni Tó Wà Lẹ́yìn Mọ́tò Tí Mò Ń Tún Ṣe

Ẹ̀yin ènìyàn mi, ẹ fara balẹ̀, ẹ jẹ́ kí n ro ohun tójú mi rí fún yín. Mo ti gbìyànjú láti gbé e mì, kò gbé mì. Mọ́tò kan ló fẹ́rẹ̀ẹ́ gba bàbá mi mọ́ mi lọ́wọ́!

Àwọn tó mọ̀ mí mọ̀ pé rewáyà ni mí, ní Ìgbògbò, Ìkòròdú níbí. Bẹ́ẹ̀ ni, obìnrin ni mí, mo sì ń ṣe wáyà mọ́tò. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bẹ̀rẹ̀ o! Ó ti lé lógún ọdún tí mo ti wà nídìí iṣẹ́ yìí, mi ò sì tíì dáná sun mọ́tò ẹnikẹ́ni.

Ó pẹ́ tí mo ti ń wá ọkọ̀ Amẹ́ríkà ayé àtijọ́, àwọn gbọọrọ tí imú wọn á ti dé títì kí ìdí wọn tó kúrò nílé. Mo wá rí ọ̀kan nínú ọgbà mẹkáníìkì àgbàlagbà kan ní Ìtòìkín. Ẹ̀yìn rẹ̀ gùn débi pé ènìyàn lè na gbalaja síbẹ̀. Koríko ti hù gba inú ẹ́ńjìnnì rẹ̀ jáde. Bàbá mẹkáníìkì ní ìdílé kan ní Ẹ̀pẹ́ ló ni ín, pé ó bàjẹ́ lọ́nà, wọ́n sì fi í sílẹ̀ síbẹ̀. Wọ́n ní àwọn ò fẹ́ fojú kàn án mọ́, kó bá àwọn tà á. Ṣé ẹ rò pé mo béèrè ìdí? Ojú mi ti wọ mọ́tò, etí mi ti di!

Mo fà á wálé. Mo gbé ẹ́ńjìnnì tòkunbọ̀ sí i, mo tú gbogbo wáyà rẹ̀ tó ti gbó dànù, mo fa tuntun, mo tún fi ẹ́síì tó ń fẹ́ atẹ́gùn tútù sí i. Kò sí ẹni tó gba iwájú ilé mi kọjá tí kò dúró wò ó. Inú mi ń dùn ṣìnkìn.

Ọ̀dọ̀ mi ni bàbá mi ń gbé. Ìkirun ni mo ti gbé wọn wá. Mo sọ fún wọn pé ká wá tọ́jú ojú wọn ní Ìkòròdú, ọ̀sẹ̀ méjì péré. Ó ti lé lọ́dún kan báyìí.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ pe ìrun Alásárì tán ni, mo gbọ́ nǹkan tó dún kíì lẹ́yìn mi. Mo yíjú padà. Ẹ̀yìn mọ́tò náà ń wálẹ̀! Díẹ̀díẹ̀ ló ń wálẹ̀, bí ìgbà tí wọ́n bá gbé nǹkan tó wúwo, tí wọ́n wá rọra ń tẹ́ ẹ síbẹ̀. Kò sí ẹnì kankan níbẹ̀.

Mo ní sípírìn ló ti gbó. Mo ra tuntun, mo pààrọ̀ ṣọ́kù méjèèjì. Lọ́jọ́ kejì, lẹ́yìn Alásárì, kíì! Ó tún wálẹ̀, kò sì gòkè títí ilẹ̀ fi mọ́.

Agídí ni tèmi, ẹ mọ̀ mí. Mo yọ bátìrì, mo gbé e sílẹ̀ẹ́lẹ̀. Bí mo ṣe gbójú sókè báyìí, iná kékeré tó wà lókè inú mọ́tò ń tàn. Ṣé ẹ gbọ́ mi? Bátìrì wà nílẹ̀ níwájú mi! Mo fi tẹ́sítà mi tọ wáyà iná yẹn wò, kò sí kọ́rẹ́ǹtì kankan níbẹ̀. Síbẹ̀ ó ń tàn, ó ń pọ́n ràkọ̀ràkọ̀. Orí mi wú. Mo kó irinṣẹ́ mi, mo wọlé, mo ti ilẹ̀kùn mọ́rí lójúmọmọ.

Ṣùgbọ́n Bàbá ò bẹ̀rù ní tiwọn, ìyẹn ló sì dẹ́rù bà mí jù. Tí wọ́n bá ti kírun Alásárì tán, wọ́n á gbé àpò aṣọ wọn, wọ́n á lọ jókòó sí àga iwájú nínú mọ́tò náà, wọ́n á máa yíjú sẹ́yìn sọ̀rọ̀. Mo bá lọ bá wọn níbẹ̀. Mo ní, Bàbá, ta lẹ ń bá sọ̀rọ̀? Wọ́n wò mí bíi pé èmi ni orí mi dàrú.

“Ọmọkùnrin tó wà lẹ́yìn yìí ni. Ó ń bi mí pé ìgbà wo la máa délé.”

“Kí lẹ wá sọ fún un?”

“Mo ní èmi náà ò mọ̀. Wọn ò sọ fún mi.”

Ẹ gbà mí! Láti ọjọ́ yẹn, Bàbá ò jẹun dáadáa mọ́. Tí mo bá gbé oúnjẹ wá, wọ́n á ní ọkọ̀ ti fẹ́ gbéra, àwọn ò fẹ́ kí inú máa yọ àwọn lẹ́nu lọ́nà. Mo ti mọ́tò pa, wọ́n lọ jókòó sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ táyà nínú oòrùn. Dókítà ní òun ò rí àìsàn kankan. Ṣùgbọ́n mò ń wo bàbá mi, wọ́n ń rù lójoojúmọ́. Mo mọ̀ pé tí mi ò bá tètè wá nǹkan ṣe, ẹni tó wà lẹ́yìn yẹn á mú wọn lọ.

Mo pe bàbá mẹkáníìkì. Mo ro gbogbo rẹ̀ fún wọn. Wọ́n ní kí n lọ bá Alhaja, ìyàwó ẹni tó ni mọ́tò tẹ́lẹ̀, wọ́n sì júwe ilé wọn ní Ẹ̀pẹ́ fún mi.

Mo bá Alhaja níbi tí wọ́n ti ń to ẹja gbígbẹ sínú apẹ̀rẹ̀. Mo kúnlẹ̀, mo ní èmi ni mo ra mọ́tò Alhaji. Mi ò tíì sọ nǹkan míì o! Ọwọ́ wọn dúró.

“Ọ̀sán ni, àbí? Lẹ́yìn Alásárì?”

Mo ní bẹ́ẹ̀ ni, Mà.

Alhaja wá sọ ọ́. Ọmọ wọn, Ráṣídì, ló kú sí ọsibítù ní Èkó. Alhaji fúnra wọn ló wa mọ́tò yìí lọ gbé e, lẹ́yìn Alásárì ni wọ́n sì tẹ́ ẹ sẹ́yìn. Ẹ̀yin náà mọ̀ pé tí a bá ń gbé òkú lọ sílé, ẹnì kan gbọ́dọ̀ máa bá a sọ̀rọ̀ lọ́nà. Tí ẹ bá dé orí afárá, ẹ ó sọ fún un. Tí ẹ bá yà, ẹ ó sọ fún un. Àbúrò Alhaji ló ń ṣe é. Ìgbà tí wọ́n dé Ìtòìkín ni ẹ́ńjìnnì kú, òjò ń rọ̀, ọkàn gbogbo wọn ti dàrú. Wọ́n dá bọ́ọ̀sì kan dúró, wọ́n gbé òkú náà sí i. Kò sẹ́ni tó rántí sọ fún un pé àwọn ti pààrọ̀ ọkọ̀.

“A sin ín, mo mọ ibi tó wà,” Alhaja ní. “Ṣùgbọ́n tí mọ́tò bá dúró níta báyìí, mo ṣì máa ń dìde lọ wò ó. Ọkàn mi ò gbà pé ọmọ mi dé.”

Omijé bọ́ lójú mi. Mo ní Mà, ẹ jẹ́ ká gbé e délé, kí ẹ máa bá a sọ̀rọ̀ lọ́nà.

Lọ́jọ́ kejì, Alhaja wá sí Ìgbògbò. A dúró di ìgbà tí ẹ̀yìn mọ́tò wálẹ̀. Bàbá jókòó síwájú, Alhaja sí ìjókòó àárín, mo yí kọ́kọ́rọ́, ẹ́ńjìnnì dáhùn. Ẹ wò ó, mọ́tò wúwo lọ́wọ́ mi! Alhaja ò sì dákẹ́ lójú ọ̀nà. Ráṣídì, a ti kúrò ní Ìkòròdú o. Ráṣídì, Ìmọ̀ta rè é. Nígbà tí a dé Ìtòìkín, wọ́n ní kí n dúró. Wọ́n ní, “Ibí ni wọ́n ti gbé ọ láìsọ fún ọ. Má bínú, ọmọ mi. Inú ọkọ̀ yìí náà la jọ wà báyìí, ilé là ń lọ.”

Mi ò gbójú sí gíláàsì ẹ̀yìn rárá. Kí ni mo fẹ́ wò?

Ní Ẹ̀pẹ́, ní ẹnu ọ̀nà itẹ́ òkú àwọn Mùsùlùmí, Alhaja sọ̀kalẹ̀, wọ́n ṣí ilẹ̀kùn ẹ̀yìn. “Ráṣídì, ilé rè é. Sọ̀kalẹ̀.”

Kíì. Ẹ̀yìn mọ́tò gòkè díẹ̀díẹ̀ lójú àwa mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, ó sì dúró. Alhaja jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, wọ́n bú sẹ́kún, wọ́n ń dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run.

Mo ní ó ti parí. Mo fẹ́ yí mọ́tò padà ni Bàbá fọwọ́ lé mi léjìká.

“Rábì, èmi ńkọ́? Ta ló máa sọ ibi tí wọ́n ń gbé mi lọ fún mi?”

Irọ́ ni mo fi gbé bàbá mi kúrò nílé, ẹ̀yin ará! Láti ọjọ́ àkọ́kọ́ ni mo ti mọ̀ pé mi ò ní dá wọn padà, torí kò sẹ́ni tó máa tọ́jú wọn níbẹ̀. Lọ́jọ́ yẹn ni mo sọ ọ́. Mo ní Bàbá, ẹ dárí jì mí, ẹ ò padà sí Ìkirun mọ́, ọ̀dọ̀ mi lẹ máa wà.

Mo rò pé wọ́n á bínú, wọn ò bínú. Wọ́n wo títì títí, wọ́n wá ní, “Ìyá rẹ ńkọ́? Ṣé o ti sọ fún un pé mi ò wá mọ́?”

Ẹ̀yìnkùlé wa ní Ìkirun la sin ìyá mi sí. Àràárọ̀ ni Bàbá máa ń lọ kí wọn níbẹ̀ nígbà tí wọ́n wà nílé. Kò sẹ́ni tó rò ó nínú gbogbo àwa ọmọ pé ó yẹ kí Bàbá dágbére fún wọn.

Kò sọ́nà míì. Ìkirun la gbà lọ lópin ọ̀sẹ̀ yẹn. Bàbá lọ sídìí sàréè, wọ́n bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, wọ́n sọ̀rọ̀ tó wà láàárín àwọn méjèèjì, èmi ò gbọ́ ọ. Nígbà tí wọ́n padà, wọ́n ní ebi ń pa àwọn.

Ohun tí mo rí kọ́ rè é: ẹ máa sọ ibi tí ẹ ń gbé ènìyàn lọ fún un. Òkú ni o, alààyè ni o, ẹ sọ fún un! Ó lè bínú, ó lè sunkún, ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kó mọ̀.

Ẹ kọ tiyín sísàlẹ̀ níbí, mò ń kà á. Ta lẹ gbé kúrò nílé láìsọ fún un, tó ṣì jókòó lọ́dọ̀ yín báyìí, tó ń dúró kí ọkọ̀ gbéra?