Ẹ̀rẹ̀kẹ́ Tí Rodiat Fi Oògùn Wá

Ẹ̀ṣẹ̀ kan ṣoṣo ni Rodiat, aránṣọ ọ̀nà Ìjagun, ṣẹ àwọn àna rẹ̀: ó tẹ́ẹ́rẹ́. Ó mọ iṣẹ́, ó bímọ fún Zakariyah ọkọ rẹ̀, kì í pa ìrun jẹ, ṣùgbọ́n kí ni gbogbo ìyẹn já mọ́ lára obìnrin tí kò ní ẹ̀rẹ̀kẹ́? Ìyá ọkọ rẹ̀ a ti Ìjẹ̀bú-Imuṣin wá, a sì wò ó tòkè-tilẹ̀.

"Rodia, ṣé ọmọ mi ò fún ọ lóúnjẹ ni?"

Ameenat, ọ̀rẹ́ rẹ̀ tó ń ta bàtà ní ṣọ́ọ̀bù kejì, tí kò wọ ilé ẹ̀kọ́ ìṣègùn rí ṣùgbọ́n tó mọ oògùn gbogbo àrùn, ló ra oògùn oníhóró kan wá fún un ní kẹ́míìsì.

"Máa lò ó láàárọ̀ lálẹ́. Kò sí nǹkan kan nínú ẹ̀, fítámì lásán ni."

Fítámì ṣiṣẹ́ ìyanu. Láàárín oṣù díẹ̀, ojú Rodiat ti rí roboto, ikùn yọ, ẹran hù lẹ́yìn ọrùn. Lóòótọ́, apá àti ẹsẹ̀ ò bá wọn sanra, ilà pupa là á níkùn, kò sì lè dìde lórí àga láìdi nǹkan mú. Ṣùgbọ́n ta ló ń wo ẹsẹ̀?

"Ilé ọkọ ti gbà ọ́!" ni ìyá ọkọ rẹ̀ wí, ó sì wúre fún Zakariyah tó mọ ìyàwó tọ́jú. Zakariyah, tí kò ṣe nǹkan kan, ṣe àmín.

Nígbà tó yá, Rodiat gbọ́ tí wọ́n dárúkọ oògùn náà lórí rédíò, pé kì í ṣe fítámì, pé ó ń ba egungun jẹ́. Ìpayà mú un, ó dà á sí ṣáláńgá lọ́jọ́ náà gan-an. Kò pẹ́ tó fi bẹ̀rẹ̀ sí bì, tí òòyì ń kọ́ ọ. Ameenat ní oyún ni. Zakariyah ní alihamudulilahi. Rodiat ṣubú lé ẹ̀rọ ìránṣọ, lórí léèsì oníbàárà.

Ní ọsibítù, wọ́n fa omi sí i lára, wọ́n sì fún un lábẹ́rẹ́. Dókítà Mọ́ṣádé bi wọ́n léèrè ohun tó ń lò.

"Fítámì ni, dókítà," Zakariyah dáhùn.

Rodiat mi orí, ó dárúkọ oògùn náà, ó sì jẹ́wọ́ pé òun ti dà á nù. Dókítà mí kanlẹ̀.

"Àwọn ẹ̀yà ara kékeré méjì kan tí wọ́n ń pè ní ẹṣẹ́ wà lórí kídìnrín wa, bí ìgbà téèyàn dé fìlà. Àwọn ló ń ṣe oje tí ara fi ń kojú àìsàn, tí ẹ̀jẹ̀ fi ń ní agbára láti ṣàn dáadáa. Oògùn yín jọ oje yẹn. Nígbà tí wọ́n rí ẹni bá wọn ṣiṣẹ́, wọ́n sùn lọ. Ẹ wá dá oògùn dúró lójijì, wọn ò tíì jí."

"Kò ní lò ó mọ́ nìyẹn?"

"Ó máa lò ó, sà. Àwa la ó máa dín in kù díẹ̀díẹ̀ títí wọ́n á fi jí."

Ìyá ọkọ, tó bá wọn wá sí ọsibítù, rọra kẹ́dùn. "Ṣùgbọ́n ara yẹn yẹ ẹ́ o."

Rodiat, tí kò fún un lésì rí, gbójú sókè. "Mààmi, èmi lẹ fẹ́ ni, àbí ẹ̀rẹ̀kẹ́ mi?"

 Ìyá náà ní kí Zakariyah lọ ra omi wá fún ìyàwó rẹ̀.

Dídín oògùn náà kù gbà tó ọdún kan. Ojú padà tẹ́ẹ́rẹ́, ilà ikùn ò lọ. Ibà kékeré kan báyìí, Rodiat á ti pe dókítà, nítorí àwọn ẹṣẹ́ rẹ̀ ṣì ń tòògbé. Ní ti Ameenat, àgbo tó ń fọ ikùn ló ń polówó báyìí.