Ẹ̀kọ Inú Oògùn Kòkó

Òórùn àdín tó ń gbóná lórí iná kò tíì kúrò nímú mi. Nínú láàbù pólì wa l'Ọ̀wọ̀, ọdún méjì gbáko ni mo fi sè é, tí mò ń pò ó mọ́ kẹ́míkà oríṣiríṣi, títí òórùn ọ̀hún fi wọ aṣọ mi, tí ọlọ́kadà a máa bi mí bóyá ọṣẹ ni mò ń tà. Ìwọ náà mọ bí ọdún àṣekágbá ṣe ń rí. Ó ti rẹ̀ mí kí iṣẹ́ oko tó bẹ̀rẹ̀ rárá.

Ohun tí mò ń wá kò ṣòro láti sọ: èròjà tí wọ́n máa pò mọ́ oògùn kòkó, tí yóò jẹ́ kí oògùn tẹ́ sára èso, kó sì lẹ̀ mọ́ ọn kí òjò má fọ̀ ọ́ lọ. Lórí gíláàsì nínú láàbù, ó ń ṣe bẹ́ẹ̀ dáadáa. Ó ku kí n dán an wò lóko, nítorí láìsí èsì oko, kò sí ìwé ẹ̀rí. Ìyá onílé mi ló mú mi lọ sọ́dọ̀ ẹ̀gbọ́n rẹ̀, baba àgbẹ̀ kan ní Imoru. Baba yọ̀ǹda ìlà igi kòkó méjì fún mi. Mo so àkísà pupa mọ́ ìlà tí wọn yóò fín pẹ̀lú èròjà mi, mo so funfun mọ́ èyí tí wọn yóò fín pẹ̀lú oògùn àti omi lásán. Baba ni yóò máa gbé páǹpù kọ́ ẹ̀yìn, èmi á máa wá ka èso.

Òjò ọdún yẹn pọ̀. Síbẹ̀, èso ìlà pupa ń dán, ti funfun ń dú, ó ń jẹrà. Mo fò sókè nínú oko. Mo pe ọ̀gá tó ń bójú tó iṣẹ́ mi lórí fóònù, òun náà ń rẹ́rìn-ín.

Ọjọ́ tí mo lọ dágbére ni ìyàwó Baba gbé ẹ̀kọ mímu fún mi, ó ní kí n má bínú pé ó kéré. "Baba ẹ ti bu ìyókù sínú páǹpù láàárọ̀, bó ṣe máa ń ṣe fún oògùn tìẹ náà."

Mo gbé ife sílẹ̀. Mo bi Baba. Ó fi èdè ilé rẹ̀ sílẹ̀, ó sọ Yorùbá tí mo gbọ́, bó ṣe máa ń ṣe tó bá fẹ́ kí ọ̀rọ̀ yé mi. "Ọmọ mi, mo rí i pé oògùn ẹ ń ṣàn bọ́. Ẹ̀kọ la máa ń pò mọ́ tiwa kó lè lẹ̀. Mi ò fẹ́ kójú tì ẹ́ lọ́dọ̀ ọ̀gá ẹ."

Inú bí mi, ẹkún gbọ̀n mí. Mo jókòó sórí gbòǹgbò igi. Ta ni mo fẹ́ bínú sí? Kò sẹ́ni tó máa mọ̀ tí mo bá dákẹ́, ṣùgbọ́n èmi mọ̀. Mo sọ fún ọ̀gá mi, ó mí kanlẹ̀, ó ní kí n tún un ṣe. Àwọn ẹgbẹ́ mi wọ káàkí àgùnbánirọ̀, èmi padà sídìí àdín.

Lọ́dún kejì, mo kúnlẹ̀ bẹ Baba. "Ẹ jọ̀ọ́ sà, bó bá tiẹ̀ ń jẹrà, ẹ má fi nǹkan kan kún un."

Ó bi mí pé, "Kí n fi sílẹ̀ bẹ́ẹ̀?"

"Ẹ fi sílẹ̀ bẹ́ẹ̀, Baba."

"Ó dáa."

Nígbà tí mo dé láti kà, Baba ti ká gbogbo èso tó bàjẹ́, ó tò wọ́n sábẹ́ igi kọ̀ọ̀kan, kò fi ọ̀kan pamọ́. Pupa àti funfun, bákan náà ni wọ́n dú. "Mi ò fi nǹkan kan kún un o," ló ṣáà ń sọ. Ìyàwó rẹ̀ ló sọ fún mi pé látìgbà tí èso ti ń dú ni Baba ti pa ọ̀nà oko rẹ̀ tì. Àfi ọjọ́ tó bá fẹ́ fín wọn, inú igbó ló ń gbà yípo lójoojúmọ́, kó má bàa rí ìlà méjèèjì, kí ọwọ́ rẹ̀ má bàa tún lọ sídìí ẹ̀kọ.

Mo kọ ọ́ sínú ìwé pé èròjà mi kò ṣiṣẹ́, mo sì kọ ọ̀rọ̀ ẹ̀kọ náà sí i. Ìwé ẹ̀rí jáde, àmọ́ ó ti rẹ̀ mí débi pé mi ò lè yọ̀. Ilé iṣẹ́ ọ̀dà ni mo wà báyìí. Èròjà ni mo ṣì ń pò, èyí tó pọ̀ jù nínú wọn kì í sì í ṣiṣẹ́. Ó pẹ́ tí mo fi rò pé ẹ̀kọ ọdún àkọ́kọ́ ni oore tí Baba ṣe mí. Ẹ̀kọ ò ṣòro fún un. Kó fi kòkó tó fọwọ́ ara rẹ̀ gbìn sílẹ̀ kó jẹrà, nítorí pé ọmọ ọlọ́mọ kan bẹ̀ ẹ́, ìyẹn ló ṣòro. Tí iṣẹ́ bá sú mi, ọ̀nà inú igbó yẹn ni mo máa ń rántí, àti àgbàlagbà kan tó ń gbà á lójoojúmọ́ nítorí mi.