Mo Kí Fadá, Fadá Ò Dáhùn

Ọjọ́ tí mo dọ̀bálẹ̀ fún ère, tí mo tún ń retí kó dá mi lóhùn, ni ọjọ́ tí n kò lè gbàgbé. Mo sin Bísí, ọmọ ẹ̀gbọ́n mi, láti Oregbeni, àdúgbò wa, lọ ṣe íńtáfíù ní yunifásítì àtijọ́ kan tí àwọn fadá dá sílẹ̀. Fadá kan nínú ẹ̀wù funfun dúró lẹ́nu géètì. Mo kí i títí, kò fèsì. Mo tún dọ̀bálẹ̀, bí ẹni pé èmi ni wọ́n fẹ́ dán wò. Mo ti ba ọ̀nà ọmọ jẹ́ nìyẹn!

“Uncle, na statue o!” ni Bísí ké.

Fadá arúgbó kan, ọmọ Èkìtì, tó jẹ́ ọ̀gá ibẹ̀, ti ń wò wá. Ó rẹ́rìn-ín títí.

“Baba yẹn ló fọwọ́ ara rẹ̀ mọ kíláàsì àkọ́kọ́ níbí. Ẹni tó dọ̀bálẹ̀ fún òkú wa, ọmọ rẹ̀ kò ní fojú di alààyè wa.” Ó yíjú sí Bísí: “Ọmọ mi, wọlé, o ti di tiwa.”