Àtẹ̀gùn Mẹ́rin Péré

Bí o bá yọjú sí ṣọ́ọ̀bù Ìyá Aránṣọ, kí o tó kí i tán, ojú rẹ̀ ti wọ̀n ọ́. "Ìdí ti fi íńṣì méjì ju ti ọdún tó kọjá lọ o," ni yóò wí, abẹ́rẹ́ wà lẹ́nu rẹ̀, kò sì ní gbórí sókè. Téèpù tó máa ń fi kọ́rùn yẹn, àṣehàn lásán ni. Kí oníbàárà má baà lọ máa sọ káàkiri pé wọ́n fi ojú wo òun rán aṣọ ni ó ṣe ń fà á yọ. Ó lé ní ogójì ọdún tó ti wà nínú yàrá iwájú yẹn, òun àti maṣíìnì mẹ́ta, tábìlì ìgéṣọ, àti dígí gígùn kan tó ti là nísàlẹ̀.

Ẹsẹ̀ tó fi ń tẹ maṣíìnì ló kọ́kọ́ dà á. Ó kọ́kọ́ ń ta á, lẹ́yìn náà ó ń kú tipiri, nígbà tó yá èkejì náà bá a dá sí i. Ọdún kẹrin rèé tí méjèèjì ti kọṣẹ́ pátápátá. Ìyá kò torí ẹ̀ fi iṣẹ́ sílẹ̀. Ó ra maṣíìnì oníná, ó gbé ohun ìtẹ̀sẹ̀ rẹ̀ lé orí tábìlì, ìgbọ̀nwọ́ ló fi ń tẹ̀ ẹ́. Kẹ̀kẹ́ arọ ló sì fi ń rìn. Ṣùgbọ́n ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni gbọ́ pé èmi ni mo pè é bẹ́ẹ̀ o. Nínú ilé yẹn, "àga Màmá" ni orúkọ rẹ̀.

Ìwà ìdílé wọn ni, wọn kì í sọ̀rọ̀ àìsàn. Bàbá tó bí Ìyá Aránṣọ, káfíńtà ni. Ikọ́ tó ń wú u títí tó fi ń pọ ẹ̀jẹ̀, "eruku pákó ni" ló ń pè é, eruku pákó náà ló sì gbé e lọ. Ọmọbìnrin méjì ló fi sáyé, àwọn méjèèjì sì jogún ẹnu dídì yẹn ju ilé lọ.

Èkejì ni àbúrò Ìyá Aránṣọ. Rọ̀bọ̀tọ̀ ni wọ́n ń pè é láti kékeré, torí ó sanra, ó ki, bó bá sì ń rẹ́rìn-ín, gbogbo ara ní í bá a rẹ́rìn-ín. Ọdún kẹtàlélógún rèé tó ti tẹ̀lé ọkọ lọ sí ìlú kan létí òkun lọ́nà jíjìn. Láti ìgbà náà, orí fóònù ni wọ́n ti ń ríra, ohùn nìkan sì ni. Rọ̀bọ̀tọ̀ ní kámẹ́rà fóònù òun ti bàjẹ́. Inú ẹ̀gbọ́n sì dùn sí i pé ó bàjẹ́, torí òun náà kò fẹ́ kí àbúrò òun rí àga.

"Ẹ̀gbọ́n mi, ẹsẹ̀ ńkọ́?"

"Ó ń lọ. Ìwọ ńkọ́?"

"Mo wà bí ẹ ṣe mọ̀ mí!"

Dókítà ní Ìyá kò gbọdọ̀ wọ bàálù láé, torí ẹ̀jẹ̀ tó máa ń dì sí i lẹ́sẹ̀. Rọ̀bọ̀tọ̀ náà ní òun kò lè wá, àwọn ọmọ ọmọ ló wà lọ́wọ́ òun. Ọdún ń gorí ọdún. Àfi ọjọ́ tí Àbíkẹ́yìn, ọmọ Ìyá tó kéré jù, tó máa ń wẹ̀ ẹ́, tó sì ń wọ̀ ọ́ láṣọ, sáré wọ ṣọ́ọ̀bù pé òun ti rí ọ̀nà. Ọkọ̀ ojú omi kan wà tí àwọn èèyàn fi ń gbafẹ́, ilé ńlá ni lórí omi. Ní ọjọ́ kẹta, yóò dúró ní ìlú Rọ̀bọ̀tọ̀ láti àárọ̀ títí di aago márùn-ún ìrọ̀lẹ́. Ìyá Aránṣọ yọ abẹ́rẹ́ lẹ́nu. "Ọjọ́ kan?" ló wí. "Ọjọ́ kan tó mi."

Ni ẹbí bá dìde. Dáódù, àkọ́bí Ìyá, tó ń tún fíríìjì ṣe, tó sì gbà pé kò sí ohun tó bàjẹ́ tí òun ò lè tún ṣe, ló kó gbogbo ètò sórí. Èèyàn mẹ́sàn-án, yàrá mẹ́rin. Wọ́n lọ bá obìnrin kan tó ń bá èèyàn ṣètò ìrìnàjò. Dáódù fi àga Màmá sílẹ̀ nínú búùtù mọ́tò. Òun àti Àbíkẹ́yìn ló fi èjìká gbé ìyá wọn wọ ọ́fíìsì. Kí obìnrin náà tó jáde láti yàrá ẹ̀yìn, wọ́n ti fi Màmá jókòó sórí àga tìmùtìmù bí ọ̀gá ilé ìwé.

Obìnrin náà ń kọ fọ́ọ̀mù lọ. Ó bi wọ́n pé, "Ṣé ẹnì kan ń lo kẹ̀kẹ́ arọ nínú yín? Mo gbọ́dọ̀ kọ ọ́ síbí. Yàrá tí ẹnu ọ̀nà rẹ̀ fẹ̀ kò pọ̀, ìsàlẹ̀ ló sì wà, onítọ̀hún ò ní sí láàárín ẹ̀yin tó kù. Àti pé níbi tí ọkọ̀ ò bá ti lè dé etí èbúté, ètò àwọn tó ń lo kẹ̀kẹ́ máa ń yàtọ̀."

"Arọ kẹ̀?" Dáódù dìde. "Nínú ẹbí tiwa? Ọlọ́run má jẹ̀ẹ́! Yàrá mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, kí wọ́n tẹ̀ léra. Nítorí pé a fẹ́ wà pa pọ̀ la ṣe ń lọ."

Obìnrin yìí kì í ṣe ọmọdé lẹ́nu iṣẹ́. Ó gbé bírò sókè, ó kọjú sí ìyá. "Màmá, ṣé ẹ̀ ń rìn?"

Ẹ gbọ́ ná. Ìyá Aránṣọ rí òógùn lórí imú ọmọ rẹ̀. Ó mọ̀ pé bí òun bá sọ òtítọ́, Dáódù á di òpùrọ́ lójú àlejò. Ọmọ ẹni kì í ṣèdí bẹ̀bẹ̀rẹ̀, ká fi ìlẹ̀kẹ̀ sí ìdí ọmọ ẹlòmíràn. "Mò ń rìn díẹ̀díẹ̀, ọmọ mi," ló wí. Àbíkẹ́yìn wo ilẹ̀. Bírò sì kọ ohun tí wọ́n sọ. Mo fẹ́ bínú sí wọn, àmọ́ ta ni kí n bá wí nínú ìyá àti ọmọ? Ìfẹ́ ló ń jà láàárín wọn, òun náà ló sì ba ọ̀rọ̀ jẹ́.

Ìyá padà sílé, ó bẹ̀rẹ̀ sí í rán aṣọ fún àbúrò rẹ̀. Aṣọ aláwọ̀ ọsàn ló rà, kí òun lè dá a mọ̀ láti òkèèrè. Orí fóònù ló ti gba ìwọ̀n.

"Àyà?"

"Mẹ́rìnlélógójì, bíi ti tẹ́lẹ̀."

"Ìdí?"

"Háà, ẹ fi íńṣì méjì kún un, ẹ̀gbọ́n mi. Mò ń jẹun!"

Wọ́n rẹ́rìn-ín títí. Ìyá fi ọwọ́ ara rẹ̀ ká etí aṣọ náà láti òkè dé ilẹ̀, kò fi maṣíìnì kàn án. Ó sì pinnu nínú ara rẹ̀ pé lọ́jọ́ táwọn bá fojú kanra, òun á sọ ọ̀rọ̀ ẹsẹ̀ náà tán pátá. Ojú lọ̀rọ̀ wà.

Wọ́n dénú ọkọ̀. Ẹnu ọ̀nà yàrá ló kọ́kọ́ fi ojú wọn rí nǹkan. Dáódù ti àga, àga kò wọlé. Ó tì í lẹ́ẹ̀kejì bí ẹni pé àga ló ń ṣe agídí. Ìyá fa téèpù yọ lọ́rùn, ó wọn ilẹ̀kùn. Méjìlélógún. Ó wọn àga tó jókòó lé. Mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n. "Íńṣì mẹ́ta," ló wí. "Aṣọ nìkan la lè tú." Wọ́n sáré lọ bá òṣìṣẹ́ ọkọ̀. Ó ní yàrá tó fẹ̀ wà nísàlẹ̀ lóòótọ́, àmọ́ wọ́n ti kún.

Láti ìgbà náà, gbígbé ni. Wọ́n á gbé Màmá wọlé, wọ́n á ká àga pọ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri níta. Ilé ìwẹ̀ ní ìdábùú gíga kan lẹ́nu ọ̀nà, wọ́n tún gbọ́dọ̀ gbé e kọjá ìyẹn. Ìyá dín omi mímu kù kó má baà máa pe Àbíkẹ́yìn. Ó ń jókòó lórí ibùsùn, ó ń gbọ́ ẹsẹ̀ àwọn ọmọ ọmọ rẹ̀ tó ń sáré lọ sáré bọ̀ níta, ó ń gbọ́ orin láti òkè. Wọ́n á yọ orí wọlé. "Ẹ ń gbádùn, Màmá?" "Mò ń gbádùn." Àánú ara rẹ̀ ń ṣe é, kò sì sí ẹni tó lè sọ fún. Ó kàn ń ka ọjọ́, kẹta ni tirẹ̀.

Ọjọ́ kẹta pé. Láago mẹ́sàn-án wọ́n fi lífítì sọ̀ kalẹ̀ dé ẹnu ọ̀nà tó wà nísàlẹ̀ ọkọ̀ níbi tí omi wà. Ìyá ti wọ aṣọ tó dáa jù, aṣọ ọsàn náà wà lórí itan rẹ̀ nínú ọ̀rá. Ìlú ń bẹ lọ́ọ̀ọ́kán, ilé rẹ̀ funfun. Ṣùgbọ́n omi etí èbúté kò jìn tó fún ọkọ̀ ńlá, ọkọ̀ kékeré ló ń kó èèyàn lọ. Ó so mọ́ ẹ̀gbẹ́ ọkọ̀, ó ń jó lókè, ó ń jó nísàlẹ̀.

Ọkùnrin aláṣọ funfun kan mú ìwé lọ́wọ́. Ó wo àga, ó wo ìwé. "Màmá, ẹ má bínú. Ọkọ̀ kékeré tó ní pákó gbọọrọ tí àga lè yí gorí rẹ̀ ti lọ láago méje, nígbà tí omi ṣì dákẹ́. Àwọn mẹ́fà tó kọ orúkọ sílẹ̀ ló gbé. Ìwé tiyín ní ẹ̀ ń rìn."

"Kó padà wá," ni Dáódù wí.

"Omi ti ru. Kò lè lọ mọ́ lónìí. Eléyìí ní àtẹ̀gùn mẹ́rin. Ẹni tó bá lè fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ sọ̀ ọ́, a ó dì í lọ́wọ́ mú. Àmọ́ a kì í gbé èèyàn. Ẹni tó bá bọ́ sáàárín ọkọ̀ méjì, òkú ni."

"Ṣé àbúrò mi lè wá?" Ìyá béèrè.

"Ẹni tí orúkọ rẹ̀ ò sí níwèé kò lè gun ọkọ̀, Màmá."

Dáódù ń bẹ̀ ẹ́, ó ń fi Ọlọ́run bẹ̀ ẹ́. Ìyá ní, "Ẹ gbé mi dìde."

Wọ́n gbé e dìde. Ó di irin mú. Àtẹ̀gùn mẹ́rin péré, bẹ́ẹ̀ obìnrin yìí ti fi ẹsẹ̀ yẹn tẹ maṣíìnì títí tí aṣọ tó rán fi tó bo ìlú. Ó wo ẹsẹ̀ ọ̀tún. Ó ní kó lọ. Kò lọ. Kò tilẹ̀ mì. Ó fi gbogbo agbára èjìká ti ara rẹ̀ síwájú, orúnkún méjèèjì sì wó lábẹ́ rẹ̀, Dáódù ló gbá a mú. Lẹ́yìn wọn, ẹnì kan nínú ìlà wo aago ọwọ́ rẹ̀. Omi ti tẹ̀yìn wọ ìgbín lẹ́nu.

"Èmi ni," Dáódù ń sunkún bí ọmọdé. "Màmá, èmi ni mo fà á."

"Èmi ni mo dáhùn," ni ìyá rẹ̀ wí. Ó na ọ̀rá aṣọ sí Àbíkẹ́yìn. "Ẹ̀yin ẹ lọ. Kí àbúrò mi wọ̀ ọ́, kí o ya fọ́tò rẹ̀ fún mi. Ẹ má sọ̀rọ̀ àga o."

Ó pe Rọ̀bọ̀tọ̀ fúnra rẹ̀. Kò tíì sọ̀rọ̀ tí tọ̀hún fi kígbe: "Ẹ̀gbọ́n mi, mò ń wo ọkọ̀ yín! Ó tóbi bí àdúgbò!"

"Òkun ń kọ́ mi lóòyì, àbúrò mi. Wọ́n ní n má kúrò lórí ibùsùn. Àwọn ọmọ ń bọ̀."

"Òòyì lásán?"

"Òòyì lásán."

"Kò burú. Ẹ sinmi."

Ìyẹn ló kọ́kọ́ kọ ìyá lóminú. Rọ̀bọ̀tọ̀ tí òun mọ̀ ì bá ti pariwo pé òun ń lúwẹ̀ẹ́ bọ̀.

Dáódù kò bá wọn lọ. Ó ti ìyá rẹ̀ lọ sókè ọkọ̀, síbi tí wọ́n ti lè wo ìlú. Irin ìdènà ga dé iwájú orí ẹni tó bá jókòó, àárín irin méjì ló ti ń yọjú. Wọ́n wà níbẹ̀ títí oòrùn fi kọjá àtàrí. Nígbà tó yá, ohun aláwọ̀ ọsàn kan hàn létí èbúté, kékeré bí bọ́tìnnì. Ìyá fa gèlè rẹ̀ tú, ó nà án gba àárín irin, ó ń fì í. Bọ́tìnnì náà ń fi ọwọ́, àbí kò fi ọwọ́, kò sí ẹni tó lè mọ̀.

Fọ́tò wọlé sórí fóònù. "Háà, ó bá wọn mu o, Màmá!" ni Dáódù wí. "Ẹ ò rí i bó ṣe dúró dáadáa!"

Ìyá Aránṣọ gba fóònù. Ó fi ìka méjì fẹ fọ́tò náà. Ẹ̀rín Rọ̀bọ̀tọ̀ nìyẹn lóòótọ́. Ṣùgbọ́n ọrùn tó gbé e dúró tín-ín-rín, apá aṣọ ṣófo. Àyà aṣọ dúró dáadáa, bẹ́ẹ̀ ni. Ó sì rí ìka ọwọ́ Àbíkẹ́yìn lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìbàdí, tó kó aṣọ jọ sẹ́yìn kí iwájú lè le. Mẹ́rìnlélógójì ló rán. Ara tó wà nínú rẹ̀ kò lé ní ọgbọ̀n íńṣì. Ojú Ìyá kò ṣi nǹkan wọ̀n rí láyé.

Fóònù dún.

"Ẹ̀gbọ́n mi! Ó bá mi mu rẹ́gí!"

"Mo rí i," ni ẹ̀gbọ́n wí. Ó di irin ìdènà mú. "Ó bá ẹ mu."

"Ẹsẹ̀ ńkọ́?"

"Ó ń lọ."

Kí aago márùn-ún tó lù, àwọn tó lọ ti padà. Àbíkẹ́yìn wá bá wọn lókè, ojú rẹ̀ wú.

"Kí ló ń ṣe é?" Ìyá béèrè.

Àbíkẹ́yìn wo Dáódù, ó wo ilẹ̀. "Wọ́n ní n má sọ fún yín, Màmá."

"Èmi ńkọ́? Ṣé ó bi ọ́ léèrè mi?"

"Wọ́n bi mí, ó tó ẹ̀ẹ̀mẹta. Mo ní òòyì lásán ni."

Ìyá Aránṣọ mi orí. "O káre," ló wí, torí wọn kò kọ́ ọ ní ọ̀rọ̀ mìíràn nílé baba rẹ̀. Ọkọ̀ fọn fèrè. Dáódù tú bíréèkì àga, ó yí i kúrò níbi ìdènà, ó sì tì í padà lọ sẹ́nu ọ̀nà tí kò gbà á.